Kí ló dé tí àwọn oníléeṣẹ́ fi ń rọ ẹ̀rọ ara wọn dípò kí wọ́n rà á?

Arákùnrin kan tó fẹ́ dá ilé-iṣẹ́ gàrí sílẹ̀ ní agbègbè Òkè-Ògùn ló kọ̀wé sí mi. Ó ní: "Ẹ kú iṣẹ́, sà. Mo ti lọ wo ilé-iṣẹ́ gàrí bíi mélòó kan kí n tó náwó mi. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ra gbogbo ẹ̀rọ rẹ̀ ní ilé ìtajà. Àwọn kan ní wẹ́dà tiwọn nínú ọgbà, àwọn yòókù sì lọ bá wẹ́dà àdúgbò, wọ́n ṣàlàyé bí wọ́n ṣe fẹ́ ẹ, wọ́n sì jọ ṣe é. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní London ní kí n má dá wọn lóhùn, pé àìlówó ló ń ṣe wọ́n, kí n kó gbogbo ẹ̀rọ mi wá láti Ṣáínà lẹ́ẹ̀kan náà kí ọkàn mi balẹ̀. Kí ló dé tí ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ gàrí yóò tún máa ṣe iṣẹ́ irin? Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀?"

Ẹ ṣé tí ẹ béèrè kí ẹ tó tọwọ́ bọ àpò. Ìbéèrè méjì ló wà nínú lẹ́tà yín, ẹ sì dì wọ́n pọ̀: kí ló ń mú oníléeṣẹ́ rọ ẹ̀rọ ara rẹ̀, àti kí ni kí ẹ̀yin ṣe. Bí mo bá dáhùn ìkejì láìkọ́kọ́ dáhùn ìkíní, ẹ óò kàn gba tèmi gbọ́ bí ẹ ṣe fẹ́ gba ti ẹ̀gbọ́n yín gbọ́, ẹ kò sì ní mọ ìdí rẹ̀. Ẹ̀rọ oúnjẹ ni mò ń ṣe, òun náà ni mo sì ń tún ṣe. Àárín wẹ́dà àti oníléeṣẹ́ ni ọjọ́ mi ń lọ sí. Ohun tí ojú mi ń rí níbẹ̀ ni màá fi dá yín lóhùn, pẹ̀lú àpẹẹrẹ díẹ̀ láti òkèèrè, nítorí ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti Nàìjíríà nìkan.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ àìlówó kúrò nílẹ̀. Owó wà nínú ọ̀rọ̀ náà lóòótọ́, màá sì dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ àìlówó nìkan ló ń mú ènìyàn rọ ẹ̀rọ ara rẹ̀, àwọn olówó ayé kì bá tí dán an wò. Toyota tí gbogbo wa mọ̀ mọ́ mọ́tò, ìdí ẹ̀rọ ìhunṣọ ló ti ṣẹ̀. Ìyá Sakichi Toyoda, ọmọ ilẹ̀ Japan, a máa hunṣọ nílé, ọmọ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀nà tí iṣẹ́ náà yóò fi yá. Nígbà tó yá, ó dá ilé ìhunṣọ tirẹ̀ sílẹ̀, inú rẹ̀ ló sì ti ń dán ẹ̀rọ tó bá rọ wò. Bí òwú kan bá já lára ẹ̀rọ rẹ̀, ẹ̀rọ náà á dá dúró fúnra rẹ̀, kó má baà hun aṣọ tó lábùkù. Ní 1924 ni Type G, ẹ̀rọ rẹ̀ tó lókìkí jù, jáde. Nígbà tó di 1929, ilé-iṣẹ́ Platt Brothers ti ìlú Oldham ní England gbà láti san 100,000 pọ́n-ùn kí wọ́n lè ní ẹ̀tọ́ láti máa ṣe irú rẹ̀. Oldham yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ayé ti ń ra ẹ̀rọ ìhunṣọ nígbà náà. Ẹnikẹ́ni lè ti sọ fún Sakichi pé kó yé da ara rẹ̀ láàmú, kó kọ̀wé sí Oldham, kó sì ra tiwọn. Ìmọ̀ràn tí ẹ̀gbọ́n yín ń fún yín nìyẹn. N kò ní burúkú ni ìmọ̀ràn náà o. Ohun tí mò ń sọ ni pé ẹni tó kọ̀ ọ́ kì í ṣe òmùgọ̀ tàbí akúṣẹ̀ẹ́ dandan.

Ìdí tó wọ́pọ̀ jù tí oníléeṣẹ́ fi ń rọ ẹ̀rọ ara rẹ̀ ni pé ẹ̀rọ tó ń wá kò sí lọ́jà. Ẹni tó ń rọ ẹ̀rọ tà nílò ọ̀pọ̀ oníbàárà tí wọ́n ń fẹ́ irú kan náà, kó tó lè rí èrè lórí wàhálà rẹ̀. Bí ohun tí ẹ ń ṣe bá jẹ́ tuntun, tàbí tó jẹ́ pé agbègbè kan ṣoṣo ni wọ́n ti ń ṣe é, kò sí ẹni tó máa ti rọ ẹ̀rọ rẹ̀ dè yín. Nígbà tí King Gillette ní Amẹ́ríkà fẹ́ ṣe abẹ pẹlẹbẹ tí ènìyàn yóò fi fárùngbọ̀n tí yóò sì sọ nù, àwọn tó mọ̀ nípa irin sọ fún un pé irin tó fẹ́lẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kò ṣe é pọ́n. Ẹ̀rọ tó lè pọ́n ọn kò sí níbì kankan, torí ẹnikẹ́ni kò ṣe irú abẹ bẹ́ẹ̀ rí. William Nickerson ló jókòó tì í, ó rọ ẹ̀rọ tó ń mú irin náà le àti èyí tó ń pọ́n etí rẹ̀. Ní 1903 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà, 51 ọ̀pá ìfárùngbọ̀n àti 168 abẹ péré ni wọ́n rí tà. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ọ̀pá tí wọ́n tà lé ní 90,000. Bí Nickerson ò bá rọ ẹ̀rọ yẹn, inú ọpọlọ Gillette ni abẹ náà ìbá kú sí.

Ẹ wá wo gàrí tiwa. Nàìjíríà ló ń gbin ẹ̀gẹ́ jù lọ láyé. Àwọn ìlú tó ń rọ ẹ̀rọ tà fún gbogbo ayé, Jámánì, Ítálì, Japan, wọn kì í jẹ ẹ̀bà ní ilé wọn, wọn kì í sì í po gàrí mu nígbà tí oòrùn bá mú. Ta ló máa jí láàárọ̀ ní Jámánì tí yóò máa ronú nípa bí ẹ̀gẹ́ ṣe ń bó? Ibi bíbó yìí gan-an ló sì le jù. Ẹ̀gẹ́ kan gùn, òmíràn kúkurú, òmíràn wọ́, òmíràn sì la ẹsẹ̀ sí méjì, èèpo rẹ̀ a sì máa nípọn lórí kan kó fẹ́lẹ́ lórí ìkejì. Ẹ̀rọ ìbógẹ̀ẹ́ wà, ọ̀pọ̀ ènìyàn ti gbìyànjú rẹ̀ nílé àti lókè òkun, ṣùgbọ́n bí kò bá fi èèpo sílẹ̀, á bó ẹran ẹ̀gẹ́ mọ́ ọn dànù. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi rí àwọn obìnrin tó jókòó yí òkìtì ẹ̀gẹ́ ká pẹ̀lú ọ̀bẹ lọ́wọ́ níbikíbi tí ẹ lọ. Kì í ṣe pé àwọn ọ̀gá wọn kò gbọ́ nípa ẹ̀rọ. FIIRO, ilé-iṣẹ́ ìwádìí ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Oshodi, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1956, ti ṣe iṣẹ́ gidi lórí bí wọn yóò ṣe máa fi ẹ̀rọ ṣe gàrí láti ọ̀pọ̀ ọdún sẹ́yìn. Síbẹ̀, ọ̀bẹ ṣì wà lọ́wọ́ àwọn ìyá wa.

Ìdí kan tún wà tí mo kà sí pàtàkì ju ìyẹn lọ: ọgbọ́n iṣẹ́ ń gbé inú ẹ̀rọ. Bí mo bá wo ẹ̀rọ ẹni tó ti pẹ́ nídìí gàrí, mo lè sọ irú gàrí tó ń ṣe láìtíì tọ́ ọ wò. Ẹ jẹ́ ká mú ẹ̀rọ tó ń rin ẹ̀gẹ́ nìkan. Rólà kan ló wà nínú rẹ̀ tí wọ́n fi páànù onihò wé. Láti ẹ̀yìn páànù ni wọ́n ti ń fi ìṣó tàbí irin ṣóńṣó lu ihò náà, kí etí rẹ̀ lè yọ síta bí eyín. Eyín yìí ló ń rin ẹ̀gẹ́. Bí ihò bá sún mọ́ra jù, ẹ̀gẹ́ á dí i, rólà á sì máa yọ̀ kọjá lára ẹ̀gẹ́ láìmú un. Bí wọ́n bá jìnnà síra jù, iṣẹ́ kò ní yá. Pákó tàbí irin kan wà tó dojú kọ rólà, àárín àwọn méjèèjì ni ẹ̀gẹ́ gbọ́dọ̀ gbà kọjá. Bí àlàfo náà bá fẹ̀, ègé ẹ̀gẹ́ tí kò rin á máa bọ́ sílẹ̀, lọ́jọ́ tí ẹ bá máa fi ajọ̀ jọ̀ ọ́, ẹ óò rí i pé àwọn ègé yẹn kún orí ajọ̀, owó yín sì ni. Bí àlàfo bá há jù, ẹ̀gẹ́ á kúnná jù, omi rẹ̀ kò ní fẹ́ jáde lábẹ́ jáàkì, gàrí rẹ̀ á sì di lẹ̀bú. Ìwọ̀n àlàfo yìí kì í ju mìlímítà díẹ̀ lọ, ọwọ́ ẹni tó ń lò ó lójoojúmọ́ ló ti ń rí i. Ó tún kan ìlera ẹni tó máa jẹ ẹ́. Ara ẹ̀gẹ́ gbọ́dọ̀ fọ́ dáadáa kí májèlé sáyánáìdì inú rẹ̀ tó lè tú jáde, kí fífún àti yíyan tó lè lé e lọ. Ìlànà àgbáyé Codex lórí gàrí kò fẹ́ kó ju mìlígíráàmù 2 lọ nínú kílò kan, kò sì fẹ́ kí omi inú gàrí ju ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Rínrin tí kò dára kò ṣe é fi yíyan bò.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé gàrí Ìjẹ̀bú lẹ fẹ́ ṣe, èyí tó kan, tó gbẹ, tó sì ń ta wóró-wóró. Ẹ̀gẹ́ tí ẹ bá rin gbọ́dọ̀ lo ọjọ́ mélòó kan nínú àpò kó lè kan bó ṣe yẹ. Àpò tó wà nílẹ̀ yóò pọ̀, àyè tí ẹ nílò yóò pọ̀, irin tí ẹ fi ń fún un yóò yàtọ̀ sí ti ẹni tó ń fún tirẹ̀ lónìí tí yóò yan án lọ́la. Bó bá jẹ́ gàrí pupa elépo lẹ fẹ́ ṣe, ọ̀rọ̀ ibi ìyan yóò yàtọ̀ pẹ̀lú. Ọkọ́ tí alágbẹ̀dẹ ayé àtijọ́ ń rọ fún ilẹ̀ olókùúta kì í ṣe irú èyí tó ń rọ fún ilẹ̀ oníyanrìn. Àgbẹ̀ ló ń wá sọ bí ilẹ̀ rẹ̀ ṣe rí. Ẹni tó ń ta ẹ̀rọ ní òkè òkun kò rí ilẹ̀ yín, kò sì mọ irú gàrí tí àwọn oníbàárà yín ń béèrè. Ẹ̀rọ tó bá ẹni gbogbo mu díẹ̀díẹ̀ ló lè tà fún yín.

Ìdí kẹta ni àtúnṣe, òun ló sì ń jẹ́ kí n gbóríyìn fún àwọn tí ẹ lọ wò. Ẹ̀gẹ́ kì í dúró de ènìyàn. Láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta lẹ́yìn tí wọ́n bá ti wà á, inú rẹ̀ á ti máa dúdú. Bí ẹ bá ti san owó ọkọ̀ ẹ̀gẹ́ kan tó já sí iwájú ilé-iṣẹ́ yín, tí irin kan sì ṣẹ́ nínú ẹ̀rọ tó ti òkè òkun wá, ẹ óò kọ̀wé, ẹ óò ya fọ́tò, ẹ óò san owó, ẹ óò dúró de èbúté, tí ẹ̀gẹ́ náà á ti jẹrà tipẹ́. Mo ti rí ilé-iṣẹ́ tó ní ẹ̀rọ dídán tí àwọn adìyẹ ti ń sùn lórí rẹ̀, nítorí ohun kékeré kan tí kò sí ẹni tó lè ṣe irú rẹ̀ ní gbogbo àgbègbè náà. Owó dọ́là tún wà níbẹ̀. Kí oṣù Kẹfà ọdún 2023 tó dé, dọ́là kan kò tíì tó 500 náírà ní ọjà ìjọba. Nígbà tí yóò fi di oṣù Kejì 2024, ó ti kọjá 1,500. Ẹni tí gbogbo ohun tó fi ń tún ẹ̀rọ ṣe ń ti òkè òkun wá, owó àtúnṣe rẹ̀ di ìlọ́po mẹ́ta láìjẹ́ pé gàrí rẹ̀ pọ̀ sí i. Ẹni tí wẹ́dà rẹ̀ wà lójúlé kejì ránṣẹ́ pè é láàárọ̀, ẹ̀rọ sì yí nírọ̀lẹ́.

Pípa àṣírí iṣẹ́ mọ́ tún ń mú àwọn kan rọ ẹ̀rọ ara wọn. Ẹni tó ta ẹ̀rọ fún yín lè gbé ọgbọ́n tí ẹ kọ́ ọ lọ fún ẹni tí ẹ jọ ń bára yín dù ú. Ní 2016, Tesla, ilé-iṣẹ́ mọ́tò ní Amẹ́ríkà, kéde pé àwọn fẹ́ ra Grohmann, ilé-iṣẹ́ kan ní ìlú Prüm ní Jámánì tó ń rọ ẹ̀rọ fún àwọn oníléeṣẹ́ mọ́tò mìíràn pẹ̀lú, wọ́n sì yí iṣẹ́ ibẹ̀ sí tiwọn. Nínú ọ̀rọ̀ gàrí, èyí kò fi bẹ́ẹ̀ le, torí wẹ́dà kan náà ló ń ṣiṣẹ́ fún gbogbo àdúgbò, gbogbo wọn sì ń jèrè rẹ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kó gbà yín lóorun.

Àṣìlóye kan wà nínú lẹ́tà yín tí mo fẹ́ tú. Ẹ kọ ọ́ bí ẹni pé ènìyàn ní láti rọ gbogbo rẹ̀ tàbí kó ra gbogbo rẹ̀. Kò sí ẹni tó ń rọ gbogbo rẹ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ LEGO ní Denmark, tí wọ́n ń ṣe bíríkì oníke tí àwọn ọmọdé fi ń ṣeré, ra ẹ̀rọ tó ń fi ike yíyọ́ kún inú mọ́ọ̀dù, irin tó ń fún ike ní ìrísí, láti ọwọ́ ẹlòmíràn ní 1946. Nígbà tó yá, wọ́n fi ọwọ́ ara wọn mú iṣẹ́ mọ́ọ̀dù. Ó wà lára ìdí tí bíríkì tí wọ́n ṣe ní 1958 fi ń wọnú ti òní láìyẹ̀: wọn kì í fi ojú kéré wo ohun tó ń fún bíríkì ní ìwọ̀n rẹ̀. Ohun tó ń gbé agbára wá, wọ́n rà á. Ohun tó ń kan ọjà fúnra rẹ̀, wọ́n mú un sọ́wọ́ ara wọn.

Ẹ mú ìyẹn wá sídìí gàrí. Ẹ́ńjìnnì dísẹ̀ẹ̀lì, ẹ ra á. Mọ́tò iná mànàmáná, jáàkì, bíárìn, bẹ́líìtì, òṣùwọ̀n, ẹ̀rọ tó ń lẹ ẹnu ọ̀rá pa, ẹ ra gbogbo wọn. Àìmọye ènìyàn tí kì í ṣe gàrí rárá ló ń lò wọ́n, torí náà àwọn tó ń ṣe wọ́n ti ṣe é débi tó dára, owó rẹ̀ sì ti wálẹ̀. Wẹ́dà tó bá sọ fún yín pé òun lè ṣe bíárìn, ẹ yára kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń rin ẹ̀gẹ́, férémù tí jáàkì máa jókòó sí, ẹ̀rọ ìjọ̀ àti agbada ìyan pẹ̀lú ààrò rẹ̀, àwọn wọ̀nyí ló fọwọ́ kan gàrí. Àwọn ni wọ́n yẹ kí wọ́n bá ọwọ́ yín mu.

N kò fẹ́ kí ẹ rò pé ríra jẹ́ ìwà ọ̀lẹ. Àwọn tó ń ṣe ṣíìpù, ohun kékeré tó jẹ́ ọpọlọ kọ̀ǹpútà, bíi TSMC, Samsung àti Intel, jẹ́ oníléeṣẹ́ ńlá-ńlá. Ẹ̀rọ tó ṣe pàtàkì jù nínú iṣẹ́ wọn, èyí tó ń fi ìmọ́lẹ̀ ya àwòrán tín-tìn-tín sórí ṣíìpù, wọn kì í rọ ọ́ fúnra wọn. Ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ ASML ní ìlú Veldhoven, ní ilẹ̀ Netherlands, ni wọ́n ti ń rà á, kò sì sí ẹlòmíràn tó ń ta irú èyí tó lágbára jù nínú rẹ̀. Iṣẹ́ tó wà nínú rẹ̀ kọjá ohun tí ilé-iṣẹ́ kan lè dá gbé. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí wọ́n ṣe: ní 2012, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta da owó pọ̀ sínú ASML, wọ́n ra ìpín nínú rẹ̀, kí ẹ̀rọ tí wọ́n ń retí lè tètè jáde. Ọ̀nà kẹta nìyẹn, ó sì ṣe é ṣe ní Òkè-Ògùn. Bí ẹ bá rí oníléeṣẹ́ gàrí mẹ́rin tàbí márùn-ún tí wọ́n ń jìyà ohun kan náà, ká sọ pé ẹ̀rọ ìjọ̀, ẹ lè dáwó jọ fún wẹ́dà kan tó mọṣẹ́, kó ṣe é, kó tún un ṣe títí yóò fi dára, kó wá ṣe tẹnì kọ̀ọ̀kan yín. Owó ìdánwò tí ẹnì kan kò lè dá gbé, ẹ jọ gbé e.

Ẹ jẹ́ ká padà sí owó, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Àwọn ènìyàn gbà pé ẹ̀rọ tí wẹ́dà àdúgbò ṣe gbọ́dọ̀ pọ́ọ́kú. Ó lè pọ́ọ́kú lọ́jọ́ tí ẹ bá sanwó, kó má sì pọ́ọ́kú ní òpin ọdún. Omi ẹ̀gẹ́ máa ń kan, ó sì ń jẹ irin. Bí wọ́n bá fi irin lásán ṣe inú ẹ̀rọ yín, ìpẹtà á wọ inú gàrí, àwọ̀ rẹ̀ á sì bàjẹ́. Irin stainless ló yẹ kó wà níbi gbogbo tí ẹ̀gẹ́ bá kàn, ó sì wọ́n. Stainless pàápàá kì í ṣe oríṣi kan, àwọn tó ń tà á nínú ọjà kì í sọ bẹ́ẹ̀ fún yín. Ẹ̀rọ òyìnbó máa ń borí tiwa ní ibi méjì tí n kò ní fi pa mọ́: ojú ibi tí wọ́n ti jó irin pọ̀ máa ń dán, kò sí kòtò tí ẹ̀gẹ́ yóò há sí láti máa rùn, ìwọ̀n rẹ̀ sì dọ́gba, tó fi jẹ́ pé ohun tó bá bàjẹ́ lára ọ̀kan, ti ìkejì yóò wọ̀ ọ́. Wẹ́dà wa kì í sábà ya àwòrán. Orí rẹ̀ ni gbogbo ìwọ̀n wà. Lọ́jọ́ tó bá kó lọ sí Èkó tàbí tí ọlọ́jọ́ bá dé, ìwọ̀n ẹ̀rọ yín bá a lọ. Bó ti wù kó rí, ẹ ní kó kọ gbogbo ìwọ̀n sílẹ̀, ẹ jẹ́ kí ẹnì kan ya á sórí bébà, kí ẹ sì tọ́jú bébà náà síbi tí ẹ ń kó ìwé ilẹ̀ yín sí.

Ohun kan wà tí mo máa ń bá gbogbo oníléeṣẹ́ jà lórí rẹ̀, ẹ̀yin náà kò ní bọ́ nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tó ń rin ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ń ṣe ládùúgbò kò ní ìbòrí kankan. Bẹ́líìtì ń sáré ní gbangba, ẹnu ibi tí wọ́n ń da ẹ̀gẹ́ sí kúrú tó fi jẹ́ pé ọwọ́ ẹni tó ń tì í lè kan rólà. Àwọn obìnrin wà nídìí gàrí lónìí tí ìka wọn kò pé mọ́, ìpele aṣọ lásán ló sì ń fa àwọn mìíràn mọ́ bẹ́líìtì. Èyí kò ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú àìlówó. Páànù díẹ̀ àti iṣẹ́ wákàtí mélòó kan ló máa bo bẹ́líìtì, ẹnu ẹ̀rọ tó gùn ju apá ènìyàn lọ kò sì ṣòro fún wẹ́dà. Ẹ sọ ọ́ fún un kó tó gé irin àkọ́kọ́, torí lẹ́yìn tó bá ti parí iṣẹ́, yóò máa sọ fún yín pé kò pọn dandan.

Kí wá ni kí ẹ ṣe? N kò tíì rí ilẹ̀ yín, n kò sì mọ iye ẹ̀gẹ́ tí ó ń bọ́ sí yín lọ́wọ́ lọ́sẹ̀, torí náà n kò lè dárúkọ iye owó. Iye ẹ̀gẹ́ yìí ni kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀. Ohun tó ń pa ilé-iṣẹ́ ńlá nínú gàrí, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe ń rí i, kì í sábà jẹ́ ẹ̀rọ burúkú. Ẹ̀rọ tó tóbi ju ẹ̀gẹ́ tó wà lọ ni. Àwọn tó ń ta ẹ̀rọ odindi láti òkè òkun máa ń tà á ní ìwọ̀n ńlá, ẹ̀rọ náà á sì máa jókòó ní ọjọ́ mẹ́ta nínú ọ̀sẹ̀ nígbà tí owó tí ẹ yá lórí rẹ̀ kò jókòó. Bíbẹ̀rẹ̀ láti kékeré ló jẹ́ kí àwọn tí ẹ lọ wò lè fi rólà kejì kún ti àkọ́kọ́ nígbà tí ọjà wọn gbòòrò. Bí ẹ bá ní àgbẹ̀ tó ti bá yín ṣàdéhùn, tí ẹ̀gẹ́ sì ń wọlé lójoojúmọ́, tí iná ìjọba tàbí ẹ̀rọ amúnáwá ńlá sì wà, tí ẹ sì fẹ́ kó gàrí lọ sí ilé ìtajà ńlá tàbí sí òkèèrè, ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n yín á bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, pàápàá jù lọ lórí ẹ̀rọ tó ń mú gàrí gbẹ àti èyí tó ń dì í. Àwọn ilé ìfowópamọ́ náà máa ń fẹ́ràn láti yá ènìyàn lówó lórí ẹ̀rọ tó ní ìwé ilé-iṣẹ́ ju èyí tí wẹ́dà kọ iye rẹ̀ sórí bébà lásán lọ. Ẹ fi ìyẹn sínú ìṣirò yín. Kò sì sí bí ẹ ṣe ṣe é, bí ẹ bá fẹ́ di gàrí sínú ọ̀rá lórúkọ ara yín, NAFDAC á wá wo inú ilé-iṣẹ́ náà. Ohun tí ẹ̀gẹ́ ń kàn ni wọ́n máa wò, wọn kò ní bìkítà bóyá Ìbàdàn ni wọ́n ti ṣe é tàbí Ṣáínà.

Bó bá jẹ́ èmi ni mo wà nípò yín, tí mo sì ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀gẹ́ tí kò tíì dá mi lójú, ọ̀dọ̀ wẹ́dà tó ti ṣe ẹ̀rọ fún ilé-iṣẹ́ gàrí tó ṣì ń ṣiṣẹ́ ni màá lọ. Màá lọ bá oníléeṣẹ́ náà fúnra rẹ̀, màá sì béèrè ohun tó máa yí padà bó bá tún fẹ́ ṣe òmíràn. Ìdáhùn sí ìbéèrè yẹn níye lórí ju gbogbo ohun tí mo kọ síbí lọ, torí ẹni tó ti fi ẹ̀rọ náà jẹun ló mọ ibi tó ti ń dùn ún. Lẹ́yìn náà, ẹ ní kí wẹ́dà ṣe rólà méjì dípò ọ̀kan, kí èyí tí eyín rẹ̀ bá kú lè kúrò kí ìkejì wọlé láìdá iṣẹ́ dúró. Eyín rólà máa ń kú, kò sí bí wọ́n ṣe lè ṣe é tí kò ní kú. Ẹ ra ẹ́ńjìnnì fúnra yín, ẹ má fi í sínú owó tí ẹ ń san fún un.

Ẹ má sì ṣe san gbogbo owó tán kí ẹ tó dán an wò. Ẹ kó ẹ̀gẹ́ tiyín, láti inú oko tí ẹ máa lò gan-an, lọ sí ọgbà wẹ́dà, ẹ̀gẹ́ tuntun àti èyí tó ti pẹ́ díẹ̀ nínú ilẹ̀ tí inú rẹ̀ ti le. Ẹ rin àwọn méjèèjì. Ẹ ki ọwọ́ bọ inú èyí tó jáde lẹ́yìn tí ẹ bá ti paná ẹ̀rọ, kí ẹ fi ìka wá ègé inú rẹ̀. Ẹ dì í sínú àpò, ẹ fún un lábẹ́ jáàkì níbẹ̀, kí ẹ wo bí omi rẹ̀ ṣe ń jáde. Ẹ fi ajọ̀ jọ̀ ọ́, kí ẹ wọn ohun tó kù sórí ajọ̀ lórí òṣùwọ̀n. Bí ohun tó kù bá pọ̀, ẹ jẹ́ kó tún àlàfo yẹn ṣe lójú yín, kí ẹ sì tún dán an wò lẹ́ẹ̀kan sí i kí ẹ tó san ìyókù.